Ohun tí Àkọsílẹ̀ Kò Sọ: Àgbéyẹ̀wò Ìtòpọ̀ Sọ́fútíwià Olórísun-Gbangba lórí Oríṣiríṣi Linux

Láti ìgbà tí Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983 ni àwọn onísọ́fútíwià olórísun-gbangba ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà ní ẹ̀tọ́ láti ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di ọdún 1997, Eric Raymond fi ohun mìíràn kún un. Ó ní bí òǹkàwé bá ṣe pọ̀ tó lórí àkọsílẹ̀ kan ni àṣìṣe inú rẹ̀ yóò ṣe tètè hàn síta tó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni ti Stallman. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni ti Raymond. Àwọn méjèèjì ti wá lọ́ mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ohun tó bá ti wà ní gbangba ti di ohun tí a yẹ̀ wò. Lójú onímọ̀ lítíréṣọ̀, tíọ́rì nípa àkọsílẹ̀ ni èyí. Ó gbà pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan jẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, àti pé ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa ti mọ iṣẹ́ náà tán. Àwọn tó ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn kò ní gba irú tíọ́rì bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Wọ́n mọ̀ pé ìjálá tí a tẹ̀ sínú ìwé kọ́ ni ìjálá tí ọdẹ sun lójú agbo. Ibi tí a ti sun ún, ẹni tí a sun ún fún, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà wà lára ohun tí ó jẹ́. Irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìjálá ni ó yẹ kí wọ́n bi sọ́fútíwià.

Kóòdù orísun, èyí tí ènìyàn ń kọ tí ènìyàn sì ń kà, kì í dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kọ̀mpáílà ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, kí a sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn ètò ìrànwọ́ tí ó nílò. Gbogbo iṣẹ́ tó wà láàárín kóòdù orísun àti ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìtòpọ̀. Nínú ayé Linux, ìtòpọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ń to tirẹ̀. Fedora ń to tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni openSUSE àti Arch, àti Ubuntu tí ó ti ń jẹ́ orúkọ tó ti inú èdè àwọn ènìyàn gúúsù Áfíríkà wá láti ọdún 2004, tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹ̀dà kọ̀mpáílà tó yàn láàyò, ètò ìrànwọ́ tirẹ̀, àti àtúnṣe tí òun fúnra rẹ̀ fi kún àkọsílẹ̀ kí ó tó tò ó. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo wá ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú wọn jọra ṣùgbọ́n tí ìwà wọn lè má dọ́gba.

Láti borí ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni David MacKenzie ṣe bẹ̀rẹ̀ Autoconf ní ọdún 1991. Iṣẹ́ Autoconf ni láti kọ ètò mìíràn tí à ń pè ní configure, èyí tí yóò máa fọ̀rọ̀ wá ẹ̀rọ lẹ́nu wò kí ìtòpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: irú kọ̀mpáílà wo ló wà níhìn-ín? Ètò ìrànwọ́ báyìí ńkọ́, ṣé ó wà? Ẹni tó bá ti to sọ́fútíwià rí mọ bí ìlà ìbéèrè àti ìdáhùn wọ̀nyí ṣe máa ń ṣàn kọjá lójú ẹ̀rọ bí òjò. Àkọsílẹ̀ ni configure náà jẹ́, ó sì wà ní gbangba bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ó máa ń gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ẹ̀rọ ló sì kọ ọ́ fún. Ènìyàn wulẹ̀ ń dúró tì í títí yóò fi parí ni. Ibí yìí gan-an ni tíọ́rì Raymond ti ní ihò, ihò náà sì tó ẹni gbà kọjá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, kéde pé òun ti rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú xz, ètò kékeré kan tí à ń fi fún fáìlì pọ̀ kí ó lè gba àyè díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ka kóòdù xz. Ó ń wọn ìyára ohun mìíràn lórí Debian ni, ó wá ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ SSH, tí kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ́lẹ̀, ti lé ní ìdá mẹ́jọ. Láti orí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá yìí ni ó ti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé inú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 tí ó jáde ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún náà. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ló fi ohun náà síbẹ̀. Láti ọdún 2021 ni ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ètò olórísun-gbangba, tí ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ àti sùúrù gba ìgbẹ́kẹ̀lé ẹnì kan ṣoṣo tó ń tọ́jú xz, títí ó fi di pé òun fúnra rẹ̀ lè gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ikú tí yóò pani, bí ó bá ṣíni ní fìlà, ó yẹ ká dúpẹ́. Ẹ̀dà tó ní àrùn náà ti wọ inú Debian tí wọ́n fi ń dánwò, Fedora tí wọ́n ń múra sílẹ̀ àti openSUSE Tumbleweed, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú Debian àti Fedora tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gbára lé.

Ibi tí ohun náà sá pamọ́ sí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró wò. Àkọsílẹ̀ xz tí gbogbo ènìyàn lè kà, èyí tó wà nínú àpótí Git rẹ̀, kọ́ ni àwọn Linux máa ń tò. Ìdìpọ̀ fáìlì tí ẹni tó gbé ẹ̀dà jáde fọwọ́ ara rẹ̀ dì ni wọ́n ń tò, nítorí pé inú rẹ̀ ni configure ti wà ní ṣíṣe sílẹ̀. Inú ìdìpọ̀ yìí ni fáìlì kan wà, build-to-host.m4, tí irú rẹ̀ kò sí nínú àpótí Git. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń lo Autoconf ni, a kàn fi ìlà díẹ̀ yí i padà ni. Iṣẹ́ ìlà wọ̀nyẹn ni láti lọ sínú fódà ìdánwò, kí ó fa ohun kan jáde nínú fáìlì méjì tí wọ́n ní àpẹẹrẹ ni wọ́n fún ìdánwò. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn sọ fún aráyé pé fáìlì tó bàjẹ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu pé fáìlì tó bàjẹ́ kò ṣe é kà. Nínú gbogbo ìwà ẹ̀tàn tó wà nínú ìtàn yìí, èyí ni ó mú ọgbọ́n dání jù, nítorí pé orúkọ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ parọ́.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí configure bá ń ṣèbéèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ohun tó fara pamọ́ náà ń béèrè tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ṣé Linux ni èyí, lórí irú ẹ̀rọ x86-64? Ṣé kọ̀mpáílà GNU ni wọ́n ń lò? Ṣé à ń tò ó láti di ìdìpọ̀ fún Debian tàbí fún àwọn Linux tó ń lo rpm? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba àkọsílẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó sì tò ó nínú fódà ara rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí ètò tó mọ́ tónítóní. Kódà lẹ́yìn tí ìtòpọ̀ bá ti parí, ohun náà ṣì ń yẹ àyíká rẹ̀ wò kí ó tó jí: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé inú sshd ni òun wà, pé kò sí ènìyàn níwájú ojú ẹ̀rọ, àti pé wọ́n ti yan èdè kan fún kọ̀ǹpútà náà. Àwọn olùkọ́ èdè lè rẹ́rìn-ín sí èyí tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Olè tó mọ ilé ló mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tí a ti gbé sẹ́nu iṣẹ́ máa ń ní èdè, àti pé èyí tí ènìyàn ń tú palẹ̀ lè máà ní.

Ohun tó so xz mọ́ SSH pàápàá kò sí nínú àkọsílẹ̀ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. OpenSSH kò lo xz. Debian, Fedora àti àwọn mìíràn ló fi àtúnṣe tiwọn kún OpenSSH kí ó lè máa bá systemd sọ̀rọ̀, systemd ló sì fa ètò ìrànwọ́ xz wọlé. Arch kò ṣe àtúnṣe yẹn, ọ̀nà náà kò sì ṣí síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà xz tó ní àrùn dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá kòkòrò yìí nínú ewé kọ̀ọ̀kan kò ní rí i, nítorí pé oríta ewé ni ó jókòó sí. Ìdájọ́ tó tọ́ lórí ọ̀rọ̀ Raymond kò ju pé ojú pọ̀ lóòótọ́, àkọsílẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń wò.

Kò sì yẹ kí ó ya àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ yìí lẹ́nu. Ken Thompson, tó gba ẹ̀bùn Turing pẹ̀lú Dennis Ritchie ní ọdún 1983, fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe nígbà ìgbàmúyẹ náà, tí a tẹ̀ jáde ní 1984, ṣàlàyé bí a ṣe lè yí kọ̀mpáílà padà kí ó máa fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ètò tó ń gbani wọlé, kí ó sì máa fi ìwà burúkú kan náà sínú kọ̀mpáílà tuntun èyíkéyìí tí a bá fi í tò. Lẹ́yìn èyí, a lè pa gbogbo àmì rẹ̀ rẹ́ nínú kóòdù orísun. Àkọsílẹ̀ yóò mọ́, ọmọ tí ó bá bí kò ní mọ́. Ó gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí David Wheeler tó fi iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2009 fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó ní ọ̀nà àbáyọ: kí a fi kọ̀mpáílà kejì, tí kò bá èkíní tan, to àkọsílẹ̀ èkíní, kí a sì fi ohun tó jáde tún àkọsílẹ̀ kan náà tò, kí a wò ó bóyá àbájáde bá èyí tó wà nílẹ̀ mu báìtì sí báìtì. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ ó ń béèrè ohun kan tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà, ìyẹn ni pé kí àkọsílẹ̀ kan, bí a bá tò ó lẹ́ẹ̀mejì, mú ohun kan náà jáde.

Ohun tí ó ń fa ìyàtọ̀ kò ju àwọn nǹkan kékeré lọ. Ètò kan kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a tò ó sínú ara rẹ̀. Òmíràn kọ orúkọ fódà tí ó wà. Òmíràn tò fáìlì ní bí kọ̀ǹpútà ṣe kó wọn fún un, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà méjì kì í kó wọn bákan náà. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn gbà kojú èyí. Àwọn Bitcoin ló kọ́kọ́ mú ọ̀kan lò pẹ̀lú Gitian láti ọdún 2011, Tor Browser sì tẹ̀ lé wọn ní 2013. Wọ́n dá kọ̀ǹpútà kan sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí QEMU ti Fabrice Bellard láti 2003 àti KVM tó wọ inú Linux ní 2007 ti sọ di ohun tó rọrùn, wọ́n sì rí i dájú pé gbogbo ẹni tó ń to ètò wọn ló ń tò ó nínú irú kọ̀ǹpútà àfètòdá kan náà, pẹ̀lú Ubuntu kan náà, lábẹ́ aago kan náà. Ó ṣiṣẹ́. Ìfohùnṣọ̀kan wọn jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan nínú wọn kò dá hùwà àìtọ́, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré níbi tí owó wà. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tí wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé kan ṣoṣo kò ju ẹlẹ́rìí kan lọ lórí ohun tí fèrèsé náà kò jẹ́ kí wọ́n rí. Bí àrùn bá wà nínú Ubuntu tí gbogbo wọn jọ lò, gbogbo wọn yóò fohùn ṣọ̀kan lórí àrùn náà.

Debian gba ọ̀nà kejì láti ọdún 2013, ọ̀nà yìí sì ni ó yẹ kí a yìn jù. Dípò kí wọ́n mú àyíká dọ́gba, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà á rú. Wọ́n ń to ètò kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n sún aago síwájú kọjá ọdún kan, wọ́n yí orúkọ kọ̀ǹpútà padà, wọ́n yí èdè padà, wọ́n sì fi ètò kan tó ń jẹ́ disorderfs da ètò fáìlì rú. Bí àbájáde méjèèjì bá ṣì dọ́gba, a jẹ́ pé àkọsílẹ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, diffoscope yóò tú méjèèjì palẹ̀ yóò sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti yà, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ṣe ń fi ẹ̀dà méjì wéra. Fún ọ̀rọ̀ aago, wọ́n fẹnu kò ní 2015 sórí SOURCE_DATE_EPOCH, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, kí ètò lè máa lo ọjọ́ tí a kọ ọ́ dípò ọjọ́ tí a tò ó.

Ọ̀rọ̀ èdè ni kò tíì ní ojútùú tó dára tó ti aago. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a fi LC_ALL=C síwájú àṣẹ ìtòpọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí kọ̀ǹpútà gbàgbé èdè tí ẹni tó ni ín ń sọ. Ìdí wà fún ìmọ̀ràn náà. Nínú èdè Túkì, lẹ́tà ńlá I kì í di i. I tí kò ní àmì lórí ni ó ń dà, ètò tó bá sì ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré láti fi wá orúkọ yóò ṣìnà. Nínú èdè Estonia, z ti wà ṣáájú t. Ètò tó bá ka "láti a títí dé z" gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì èdè náà yóò fi t, u àti v sílẹ̀ síta. Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Lábẹ́ C, "gbogbo" ṣáájú "gé", "ẹja" sì wà lẹ́yìn ohun gbogbo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú z. Lábẹ́ ètò Yorùbá tó wà nínú CLDR tí Unicode Consortium ń tọ́jú, gb jẹ́ lẹ́tà tó dá dúró lẹ́yìn g, ẹ sì tẹ̀ lé e. Fún àkójọ fáìlì tí ẹ̀rọ nìkan ń kà, C ni ó tọ́, ẹni tó bá jiyàn èyí kò tíì to ètò rí. Ohun tí kò tọ́ ni pé wọ́n ń pe C ní èyí tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni C fi ń sọ̀rọ̀, orí àwọn lẹ́tà tí a tò fún Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ni ó sì dúró lé. Ní Túkì àti Estonia, èdè kọ́ ló ṣàṣìṣe. Ẹni tó kọ ètò láìrántí pé èdè mìíràn wà ni. Ṣùgbọ́n èdè ni wọ́n ní kó dákẹ́.

Àpẹẹrẹ kan tó kan olùkọ́ Yorùbá gan-an ni orúkọ fáìlì. Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè kọ ọ́ bí ẹ pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí bí è pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí kí a kọ e kí a sì to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e, èyíkéyìí ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin nìyí, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lójú Linux, báìtì lásán ni orúkọ fáìlì, nítorí náà fáìlì mẹ́rin tí gbogbo wọn ń jẹ́ "ẹ̀kọ́" lè jókòó sínú fódà kan ṣoṣo láìfarakanra. HFS+, tí àwọn kọ̀ǹpútà Apple lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń tú lẹ́tà náà sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Ètò ìkọ́ni Yorùbá tí a tò láìsí wàhálà lórí ọ̀kan lè kọ̀ jálẹ̀ lórí èkejì, tí iṣẹ́ tí a kéde yóò máa sọ pé òun kò rí fáìlì tó wà níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀jáfáfá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó yọ àmì kúrò nínú orúkọ fáìlì. Ó ń ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti kọ́ pé àmì ohùn jẹ́ ohun tí ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Unicode ti ṣe ìlànà bí a ṣe lè sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Ìlò ni ó kù. Ìdánwò tó bá fi Yorùbá ṣe ọ̀kan lára àwọn èdè tí ó fi ń da àyíká rú yóò rí àṣìṣe tí Faransé kò lè fi hàn láé, nítorí pé lẹ́tà Faransé kọ̀ọ̀kan, tòun tàmì rẹ̀, ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ìtòpọ̀ aláìyàtọ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì yẹ kí àwọn alágbàwí rẹ̀ máa sọ ọ́ ketekete ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Kò lè mú Jia Tan. Ìdìpọ̀ tó ní àrùn, bí ẹni mẹ́wàá bá tò ó fún Debian níbi mẹ́wàá, yóò mú àrùn kan náà jáde níbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìdánwò yóò sì gbóríyìn fún un. Ohun tí ìdánwò ń fi wéra ni àkọsílẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Kò béèrè bóyá àkọsílẹ̀ tí a gbé fún un ni èyí tí àwọn ènìyàn ń kà. Lẹ́yìn oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀ wá ń tẹnu mọ́ ọn pé inú Git ni kí a ti máa tòó, kí configure sì di ohun tí olúkúlùkù ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èyí ì bá dí ọ̀nà build-to-host.m4. Kì bá tí kan àwọn fáìlì ìdánwò méjì yẹn, nítorí pé inú Git ni wọ́n wà, ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè kà wọ́n.

Àwọn tó lọ jìnnà jù lórí ọ̀rọ̀ kíkà ni àwọn Guix, tí Ludovic Courtès bẹ̀rẹ̀ ní 2012 ní ipasẹ̀ Nix. Ní ọdún 2023 wọ́n kéde pé gbogbo ìtòpọ̀ àwọn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò kan ṣoṣo tí kò ju báìtì 357 lọ, tí òmíràn tó fẹ̀ díẹ̀ yóò ti inú rẹ̀ jáde, tí òmíràn yóò tún ti inú ìyẹn jáde, títí yóò fi dé orí kọ̀mpáílà GNU. Báìtì 357 kò kún ojú ìwé kan, ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ sì lè jókòó kà á láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá Linux nílẹ̀, pẹ̀lú Guile tí yóò máa darí iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn ni ó sì ti to méjèèjì.